Crowther: orúkọ onígòjé tó ti Yorkshire dé Èkó

Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó bá gbọ́ Crowther, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí ló máa kọ́kọ́ rántí. Àmọ́ orúkọ náà ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Àjàyí, kò sì bá ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tan rárá. Orúkọ iṣẹ́ ni, bí Smith ṣe jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ, tí Taylor sì jẹ́ ti aránṣọ. Àwọn olórin kan tó ń fa ohun tó jọ gòjé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń fà yìí, crwth ni àwọn ará Wales ń pè é. Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ó di crouth, àwọn mìíràn sì ń pè é ní crowd (kì í ṣe crowd tó jẹ́ èrò o). Àpótí igi onígun mẹ́rin ni, ó gùn díẹ̀, okùn mẹ́fà ló sì ní. Ọrun ni wọ́n fi ń fà á. Igi kékeré tó gbé okùn sókè lára rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò tẹ̀ kọrọdọ bíi ti fáyólìn, nítorí náà ọrun á máa kan okùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn á sì jọ máa dún. Ẹsẹ̀ igi kékeré yìí kan gùn ju èkejì lọ: ó gba ojú ihò wọ inú àpótí, ó lọ fìdí ti ẹ̀yìn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Okùn méjì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí olórin lè máa fi àtàǹpàkò ta bí ọrun ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí fáyólìn dé, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1742 ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé St Fagans, nítòsí Cardiff.

Ẹni tó ń fa crouth ni crouther, ẹni tó ń fa crowd ni crowder. Ibi tí Crowther àti Crowder ti wá nìyẹn.

Báwo wá ni orúkọ iṣẹ́ ṣe di orúkọ ìdílé? Kí àwọn Norman tó gba England lọ́dún 1066, orúkọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń tó èèyàn. Nígbà tó yá, John àti William pọ̀ lábúlé kan náà débi pé wọ́n ní láti fi nǹkan kún un: John ọmọ ta ni? John ibo? John tó ń ṣe kí ni? Àwọn akọ̀wé ìjọba tó ń gba owó orí, irú èyí tí wọ́n gbà lọ́dún 1377, 1379 àti 1381, ń kọ àfikún yìí sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọmọ àti ọmọ ọmọ. Ẹni tó ń jẹ́ Àyánwálé lónìí lè má mọ bí wọ́n ṣe ń fi gángan sábẹ́ abíyá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Crowther ṣe lè máa hun aṣọ, kí orúkọ onígòjé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Kò sí abúlé tí kò nílò alágbẹ̀dẹ, ìdí nìyẹn tí Smith fi kún ibi gbogbo. Ta ló nílò onígòjé lójoojúmọ́? Ìwọ̀nba ibi díẹ̀ ni Crowther ti fìdí múlẹ̀, pàápàá West Riding ní Yorkshire, níbi tí Huddersfield àti Halifax wà, àti Shropshire tó bá Wales pààlà. Àwọn náà kì í ṣe ọmọ bàbá kan ṣoṣo, torí olórin kọ̀ọ̀kan ló bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ níbi tó wà. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bá àwọn aṣíkiri kọjá òkun. Dókítà William Crowther ṣe olórí ìjọba Tasmania, ní Australia, láàárín 1878 sí 1879.

Lọ́nà tiwa, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló gbé e wá. Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, bọ́ sọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú lọ́dún 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́dún 1822, ó sì kó wọn lọ sí Freetown. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà Christ Church ní Newgate, London, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, lẹ́yìn. Ìṣe wọn nìyẹn láyé ìgbà náà: ẹni tó bá ń dá pọ́ùn 5 lọ́dún ní England fún ìtọ́jú ọmọ kan ní Freetown lè yan orúkọ tí ọmọ náà máa jẹ́. Macaulay, Johnson, Cole àti Williams náà wà lára orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Freetown padà wá sílé, ń jẹ́.

Nígbà tí Àjàyí padà rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n Crowther kò kan ìyá. Ọmọkùnrin rẹ̀ Dandeson, tí wọ́n fi orúkọ akọ̀wé CMS kan sọ, gbé Crowther lọ sí agbègbè Niger Delta gẹ́gẹ́ bí olórí àlùfáà. Ti Abigaili, ọmọbìnrin rẹ̀, dópin sílé ọkọ, torí Macaulay ló fẹ́. Herbert Macaulay sì ni ọmọ wọn, òṣèlú Èkó tó mọ fáyólìn ta dáadáa. Mo fẹ́ràn èyí: ọmọ ọmọ tí kò jẹ́ orúkọ onígòjé ló wá di onígòjé gan-an.

Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó ń jẹ́ Crowther tó bá fẹ́ tọpa ìdílé rẹ̀, kó má fi ìwé ìrìbọmi Yorkshire da ara rẹ̀ láàmú. Freetown ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó wo ọjọ́ ìrìbọmi, kó wo ẹni tó ṣe é, kó sì máa wá orúkọ àbísọ tó ṣáájú Crowther.