Àpò Ni Wọ́n So: Bí Ẹgbẹ́ Àwọn Onílẹ̀ Ṣe Gbérí ní British Columbia

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bíni nínú: pé ọdún 1969 ni àwọn ọmọ onílẹ̀ British Columbia, ní Kánádà, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lóòótọ́, ọdún yẹn ni àwọn ìjòyè kóra jọ ní Kamloops, tí wọ́n dá Union of B.C. Indian Chiefs sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1916 ni Allied Tribes, ẹgbẹ́ tí àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ para pọ̀ dá sílẹ̀, ti ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà ni ìjọba gbà láìbá onílẹ̀ ṣe àdéhùn. Ní 1927, Peter Kelly àti Andrew Paull, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà, rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ottawa, olú ìlú Kánádà. Ìgbìmọ̀ ní wọn ò lẹ́jọ́ rárá.

Ibi tí àrékérekè wà nìyí. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn, abala 141 nínú Indian Act, òfin tí Kánádà fi ń ṣàkóso àwọn ọmọ onílẹ̀, kò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Owó ló dojú kọ. Ẹni tó bá gba owó, tàbí tó kàn tọrọ rẹ̀, lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ láti fi ṣẹjọ́ ilẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ ìjọba, yóò san ìtanràn dọ́là 50 sí 200, tàbí kó fẹ̀wọ̀n jura, ó lè tó oṣù méjì. Ẹni tó gbalẹ̀ rẹ ló ní kó o wá tọrọ àyè lọ́wọ́ òun kó o tó dáwó lọ́yà! Àbí lọ́yà wo ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́? Allied Tribes tú ká.

Àwọn apẹja ọmọ onílẹ̀ wá ibòmíì gbà. Ní 1931, wọ́n dá Native Brotherhood sílẹ̀ ní Port Simpson. Iye tí àwọn ilé iṣẹ́ alágolo ń ra ẹja sámọ́ńì jẹ wọ́n lógún, òfin ò sì ní kí apẹja má dáwó nítorí ẹja. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n yọ abala yẹn kúrò ní 1951.

Nígbà tó yá, ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún àwọn ẹgbẹ́. Ìyẹn gan-an tún le ju òfin lọ, nítorí ọwọ́ tó ń fúnni lówó lè dáwọ́ dúró nígbàkigbà. Ní 1975, ní Chilliwack, Union dìbò pé àwọn ò gba owó ìjọba mọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ọ́fíìsì sì tì. Àwọn kan pè é ní ìwà òmùgọ̀, ṣùgbọ́n Union ṣì wà títí dòní.