Rédíò Inú Ọkọ̀ Òkun: Ìdí Tí Fóònù Kò Fi Lè Rọ́pò Rẹ̀

Àkúrẹ́ jìnnà sókun, síbẹ̀ kì í pẹ́ kí n tó pàdé ìyá kan ní Alágbàká tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, tàbí ará Ìlàjẹ tí ẹbí rẹ̀ ń pẹja lẹ́yìn Ayétòrò. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé rédíò ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe, ìbéèrè kan náà ni: "Ọ̀gá, nígbà tí fóònù wà lápò gbogbo èèyàn, kí ni wọ́n ṣì ń fi rédíò ṣe?"

Máàsì tí fóònù gbójú lé, orí ilẹ̀ ló wà. Ọkọ̀ kì í tíì jìnnà púpọ̀ sí etíkun tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á fi lọ. Ká tilẹ̀ ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà, ta lẹ fẹ́ pè? Bí ẹ́ńjìn bá kú tí omi sì ń wọlé, ọkọ̀ tó wà nítòsí ló lè tètè dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kò sì ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ẹ bá pè nìkan ni fóònù ń gbé ohùn lọ bá. Rédíò ń gbé e lọ bá gbogbo ẹni tó wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan ń ráhùn pé kò sí àṣírí lórí rédíò. Àìsí àṣírí yẹn gan-an ló ń gba ẹ̀mí là.

Ṣánẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọkọ̀ òkun ń tẹ́tí sí kárí ayé ni 16, ìyẹn 156.8 MHz. Ibẹ̀ la ti ń ké gbàjarè, ibẹ̀ náà la ti ń pe ọkọ̀ mìíràn. Bó bá ti dáhùn, ẹ jọ bọ́ sí ṣánẹ́ẹ̀lì mìíràn kí ẹ lọ parí ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀. Àwọn tó ń jókòó sórí 16 máa béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹja ní Igbókọ̀dá máa ń bí mi nínú púpọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ títẹ́tí yìí. Lóru April 14, 1912, nígbà tí Titanic kọlu òkìtì yìnyín, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Californian wà nítòsí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bójú tó rédíò rẹ̀, ó sì ti pa á kó tó di pé Titanic bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ti lọ sùn. Carpathia tó wà lọ́nà jíjìn ló gbọ́, òun ló sì kó nǹkan bí 700 èèyàn tó yè. Lẹ́yìn náà ni òfin dé pé etí gbọ́dọ̀ wà lórí rédíò tọ̀sán tòru. Láti February 1, 1999 ni ètò GMDSS, ìyẹn ètò àgbáyé fún ìkéde ewu àti ààbò lójú òkun, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pátápátá, tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi ń bá wa tẹ́tí.

Ohun tó ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu ni pé gíga ló ń mú ohùn VHF, ìyẹn irú rédíò tí ṣánẹ́ẹ̀lì 16 wà lórí rẹ̀, dé ibi tó jìnnà ju agbára lọ. Wáàtì 25 péré ni rédíò inú ọkọ̀ ń lò jù. Ìgbì rẹ̀ ń rìn tààrà bí ojú ṣe ń ríran, ojú òkun sì tẹ̀ kọdọrọ nítorí pé ayé rí roboto. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdánrè mọ bí ibi tó ń hàn lókè ṣe pọ̀ tó ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí ẹni méjì bá jókòó sínú ọkọ̀ kéékèèké, tí kálukú gbé rédíò ọwọ́ sókè ní nǹkan bíi mítà kan sí ojú omi, ó lè má ju kìlómítà 8 lọ tí wọ́n á fi gbọ́ ara wọn. Gbé ẹ́ríà kan sórí òpó mítà 4, kí èkejì wà lórí ọkọ̀ ńlá ní mítà 25, ó di nǹkan bíi kìlómítà 29. Nítorí náà, bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹ kọ́kọ́ fi ra òpó àti wáyà ẹ́ríà tó dáa. Ẹ wé ojúko tí wáyà ti so mọ́ ẹ́ríà dáadáa, torí ibẹ̀ ni omi iyọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ọkọ̀ tó ń la agbami lọ ní rédíò MF àti HF, tí ìgbì wọn ń lọ jìnnà ju ti VHF, pẹ̀lú ti sátẹ́láìtì. Ìyẹn kò kan apẹja.

Rédíò yìí kì í sọ kó tún máa gbọ́ nígbà kan náà. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, etí yín ti di títí ẹ ó fi fi í sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á gé. Bí ẹ bá sọ tán, ẹ sọ pé "over" kí ẹnì kejì mọ̀ pé ó kàn án. Nọ́ńbà, ẹyọ ẹyọ là ń pè é: "one five", "five zero", nítorí pé nínú ariwo ẹ́ńjìn, fifteen àti fifty kò yàtọ̀ létí. Àrùn kan sì wà tó burú ju gbogbo ìyẹn lọ: kí èèyàn jókòó lé rédíò ọwọ́ tàbí kí bọ́tìnnì há mọ́lẹ̀. Gbogbo agbègbè yẹn ò ní gbọ́ ohun mìíràn lórí ṣánẹ́ẹ̀lì náà ju ariwo inú ọkọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì ní gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú u.

Wókítókí tí àwọn atukọ̀ ń fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárín ọkọ̀ kan náà, bí wọ́n bá ń so okùn ní èbúté, yàtọ̀. UHF, tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju ti VHF, ni púpọ̀ nínú wọn, ní àyíká 457 MHz, torí pé ó máa ń rí ọ̀nà gba ẹnu ilẹ̀kùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin kọjá ju VHF lọ. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé epo, àfi èyí tí wọ́n ṣe kó má lè ta iná. Fóònù tí kì í ṣe irú bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ dé orí dẹ́ẹ̀kì.

Bí ewu ẹ̀mí bá dé, orí 16 ni: "Mayday" lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ibi tí ẹ wà. Ibi tí ẹ wà ló ṣáájú ohun tó ṣẹlẹ̀, torí bí bátìrì bá kú lójijì, ẹni tó gbọ́ á ti mọ ibi tó máa gbà. Ìgbà náà lẹ tó sọ ohun tó ṣe yín, ìrànlọ́wọ́ tí ẹ ń fẹ́, àti iye ẹ̀mí tó wà nínú ọkọ̀. "Ẹ̀yìn Ayétòrò" kì í ṣe àdírẹ́sì o. Fóònù wúlò níbí: GPS inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ó sì lè fi nọ́ńbà ibi tí ẹ wà hàn yín. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó kí ẹ tó kúrò létí omi.

Rédíò tó ní bọ́tìnnì pupa lábẹ́ ìdérí ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, á ránṣẹ́ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 70, aago á sì dún nínú àwọn ọkọ̀ tó wà ní sàkáání. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án tó ń sọ ọkọ̀ tí ẹ jẹ́ ló ń gbé lọ. Ti Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 657. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì á ra rédíò náà, kò ní fi nọ́ńbà sí i, kò sì ní so GPS mọ́ ọn. Nígbà náà, bọ́tìnnì pupa kò lè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rà á. Bí ọmọdé bá sì ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ẹ má kàn pa rédíò kí ẹ dákẹ́. Ẹ dá ìkìlọ̀ náà dúró lórí ẹ̀rọ, kí ẹ bọ́ sórí 16, ẹ dárúkọ ọkọ̀ yín àti nọ́ńbà rẹ̀, ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́ pé àṣìṣe ni, kí wọ́n má bàa gbéra wá sọ́dọ̀ yín.