Stratification: bí òtútù ṣe ń jí kóró conker lójú oorun

Obì tó bá ti gbẹ kò ṣeé gbìn mọ́. Àwọn ìyá tó ń ta obì kò kà á níbì kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé kò yẹ kó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ewé gbòdògì tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á tún fi ewé bò ó lórí, kí ara obì lè máa tutù. Àgbàdo ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ so àgbàdo rọ̀ sókè ààrò kí èéfín sọ ọ́ di dúdú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ gbìn ín, yóò hù.

Èmi tí mo mọ gbogbo èyí láti kékeré, mo gbàgbé ẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ tí ọmọ mi kó conker wálé.

Conker ni kóró igi horse chestnut, igi ńlá kan tó wọ́pọ̀ lójú pópó àti nínú ọgbà ìtura káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. Inú èèpo tútù ẹlẹ́gùn-ún ló máa ń wà. Láti oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, èèpo á jábọ́, á là, conker á yọ síta, awọ rẹ̀ á máa dán bí àga tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáníìṣì kùn, ojú funfun kan á wà nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọdé máa ń lu ihò sí i, wọ́n á ti okùn bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fi tẹnì kan na tẹnì kejì títí ọ̀kan á fi fọ́. Tiwa kò dé ibi eré. Mo tò wọ́n sójú fèrèsé, lókè hítà, mo ní tó bá di ìgbà ìrúwé n ó gbìn wọ́n. Kí Kérésì tó dé, wọ́n ti súnkì; tí mo bá mi ọ̀kan sétí, mo ń gbọ́ tí inú rẹ̀ ń ró wooro. Mo gbin mẹ́fà ní oṣù Kẹrin. Mo bomi rin wọ́n títí di oṣù Keje. Òkú ni mo ń bu omi fún.

Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni mo ṣẹ conker yẹn. Àkọ́kọ́, mo gbẹ ẹ́ pa. Bíi ti obì àti kòkó, conker kì í ṣe irúgbìn tí a ń sá sóòrùn fi pamọ́. Nígbà tó bá já lórí igi, bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ omi, omi yẹn sì ni ẹ̀mí rẹ̀. Ìkejì, mo gba ìgbà òtútù lọ́wọ́ rẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtọ́jú igi máa ń lò ti wọlé: stratification.

Stratum ni èdè Látìn ń pe ìpele, bí ìgbà tí a tẹ́ nǹkan lé nǹkan. Àwọn tó ń gbin igi láyé àtijọ́ máa ń tẹ́ yanrìn tútù sínú àpótí, wọ́n á to irúgbìn lé e, wọ́n á da yanrìn bò ó, wọ́n á tún to òmíràn, títí àpótí á fi kún. Wọ́n á wá gbé e síta kí òtútù máa lù ú títí di ìgbà ìrúwé. Títò yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù àti omi ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ ni: òtútù láìsí omi, kóró á gbẹ, omi láìsí òtútù, kóró á jẹrà. Tí ẹ bá ní kí n fi Yorùbá pè é, n ó pè é ní fífi òtútù jí irúgbìn.

Oorun ni conker tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ń sùn, ó sì nídìí. Orí òkè àwọn ilẹ̀ Balkan, ní Albáníà, Gíríìsì àti agbègbè wọn, ni igi yìí ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n tó mú un wọ ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Òtútù orí òkè yẹn kì í ṣeré. Ká ní conker tó já lóṣù Kẹwàá hù lójú ẹsẹ̀, ewé rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là nígbà tí yìnyín á bò ó, ó parí nìyẹn. Torí náà kì í fẹ́ hù àfi tí òtútù bá ti wà lára rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyí tó bá a mu wà láàárín dígírì 2 sí 6: òtútù fíríìjì nìyẹn, kì í ṣe ti fírísà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: oorun yẹn ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Conker tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, àfi ooru tó mú gan-an ló lè mú un hù. Bí òtútù bá ṣe ń pẹ́ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ooru tó ń béèrè fún ń lọ sílẹ̀. Tí ẹ bá wá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, inú òtútù gan-an ló máa ti hù. Ẹ wo ọmọ tó ń ṣe fáàrí oúnjẹ: láàárọ̀, àfi ẹran ló fẹ́, bó bá di alẹ́ tí ebi ti hàn án, ẹ̀bà lásán á wọlé.

Mo fojú ara mi rí i ní ọdún kejì. Àárín oṣù Kẹwàá, mo da conker tuntun sínú bàsíà omi. Èyí tó léfòó ti ń gbẹ tàbí ó ti bàjẹ́ nínú. Mo dà á nù, mo mú mẹ́wàá nínú àwọn tó rì. Mo bu ilẹ̀dú sínú ọ̀rá, mo wọ́n omi sí i títí tó fi jẹ́ pé bí mo bá fọwọ́ fún un, ó ń lẹ̀ mọ́ra, omi ò sì kán. Mo kó conker sí i, mo lu ihò díẹ̀ sí ọ̀rá kí atẹ́gùn lè wọlé, mo kọ ọjọ́ sí i lára, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata rodo nísàlẹ̀ fíríìjì.

Ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, ó ní, “Bàbá Tọ́lá, ṣé ẹ máa jẹ èyí ni?”

Rárá o. Conker ní májèlé nínú. Chestnut tí wọ́n ń sun tà nígbà Kérésì, igi mìíràn ló ń so ó. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, wọn kì í ṣe ẹbí. Èèpo ti jíjẹ kún fún ẹ̀gún wẹ́wẹ́ bí ara òòrẹ̀, ti conker ní ẹ̀gún ṣákaṣàka tó jìnnà síra. Ewé conker pín bí ìka ọwọ́, márùn-ún sí méje. Ti jíjẹ jẹ́ ẹyọ kan gbọọrọ tó léyín létí.

Ìparí oṣù Kejì ni mo fa ọ̀rá náà yọ. Méjì ti bu. Mẹ́rin ṣì ń sùn. Mẹ́rin tó kù ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú funfun yẹn, gbòǹgbò kan tó funfun, tó sì sanra ju igi ìṣáná lọ, ti kọrí sísàlẹ̀ nínú òkùnkùn fíríìjì. N kò purọ́, mo pe gbogbo ilé wá wò ó.

Ìkòkò tó jìn ni kí ẹ gbìn ín sí, torí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ilẹ̀ tó bò ó nípọn tó conker méjì, kí ẹ sì fi àwọ̀n wáyà bo ìkòkò. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ò ní ìtìjú. Ẹ má retí pé kóró á gbé orí sókè bíi ti ẹ̀wà. Abẹ́ ilẹ̀ ló máa jókòó sí, ọ̀mùnú nìkan ni yóò yọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn gbọ́, wọ́n ní kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọyẹ́ yín kò tó o.” Ká tiẹ̀ ní a fi fíríìjì tan kóró, ta ni yóò tan igi? Ìrudi ewé rẹ̀ náà ń sùn lọ́dọọdún, òtútù náà ló sì ń pèsè wọn sílẹ̀ láti jí. Mo ní kí wọ́n gbin orógbó, òun náà máa ń sùn pẹ́ kó tó hù, àmọ́ kì í béèrè òtútù.

Bó bá ti hù, ìtọ́jú rẹ̀ kò le: omi nígbà ooru fún ọdún méjì àkọ́kọ́, àti gbígbá ewé. Gbígbá ewé yẹn ṣe pàtàkì. Àfòpiná bíńtín kan wà tí ìdin rẹ̀ ń jẹ inú ewé. Wimbledon ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2002. Òun ló ń mú kí ewé igi yìí rí bí èyí tí iná rà láti oṣù Kẹjọ. Kì í sábà pa igi, ṣùgbọ́n inú ewé tó já sílẹ̀ ni òun náà ti ń sun ìgbà òtútù tirẹ̀. Ẹni tó bá gbá ewé kúrò ti gbé ibùsùn rẹ̀.

Mẹ́fà ló hù nínú mẹ́jọ tí mo gbìn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa rí tí wọ́n bá dàgbà, ẹ rìn gba Chestnut Avenue ní Bushy Park, ọgbà ìtura ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lóṣù Karùn-ún, nígbà tí òdòdó funfun bá nàró lórí igi bí àbẹ́là. Igi yìí lè ga tó mítà 30. Ẹ̀yìnkùlé wa kò ju ibi tí à ń sá aṣọ sí lọ. Mo ti ń wá ẹni tó ní ilẹ̀.