Ta ló kọ́kọ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí áíkọ̀nù?

Bí ẹ bá dé àárín àwọn tó ń ya áíkọ̀nù, ìyẹn àwòrán kékeré tí à ń tẹ̀ láti ṣí áàpù, ní Wuse tàbí Garki l'Ábújá, tí ẹ bi wọ́n pé ta ló fi lélẹ̀ pé igun òkè lápá òsì ni kí ìmọ́lẹ̀ ti máa wá, ọ̀pọ̀ á ní Microsoft ni. Àwọn tó ń lo Mac á ní Apple ni. Wọn ò tọpa ọ̀rọ̀ náà jìnnà. Ọgbọ́n kí ìmọ́lẹ̀ òkè máa yọ àwòrán ti wà lọ́wọ́ àwọn agbẹ́gilére àti àwọn tó ń fi amọ̀ ṣe ọnà sára ògiri kí kọ̀ǹpútà tó dé, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní Zaria.

Ẹ wo ògiri ilé àtijọ́ àwọn Hausa. Tubali ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, ìyẹn bíríkì amọ̀ olórí ṣóńṣó tí wọ́n sá sóòrùn. Wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n á sì yọ ọnà lára amọ̀ náà kó tó gbẹ. Babban Gwani Mikaila, tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ Zaria ní ọ̀rúndún 19, ni ìlú mọ̀ jù nínú àwọn oníṣẹ́ yìí. Púpọ̀ nínú ọnà bẹ́ẹ̀ ò ní ọ̀dà kankan lára. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni amọ̀ ní, oòrùn ló ń parí iṣẹ́: etí òkè ọnà á mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á wà bó ṣe wà, abẹ́ rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ìpele mẹ́ta péré, àwòrán ti yọ. Àwọn tiwa náà ò kẹ̀rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ débi pé orí àwọn ère yọ kúrò lára pákó, òjìji ọ̀kan sì ń bọ́ sára èkejì. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn Wembley ní 1924, inú British Museum ló sì wà dòní.

Àwọn onímọ̀ nípa ojú náà ti fi hàn pé òkè ni ojú ti ń retí ìmọ́lẹ̀. Láti 1826 ni David Brewster ti kọ̀wé lórí bí ohun tó yọ síta ṣe lè dà bí ihò lójú ẹni. Ní 1988, Ramachandran fi hàn pé ọpọlọ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, òkè ló sì ti ń wá. Ní 1998, Sun àti Perona rí i pé òkè tó tẹ̀ sí òsì díẹ̀ lojú ń fẹ́ jù. Ẹ dán an wò: ẹ ya bọ́tìnì tó yọ síta, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò. Á di kòtò lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú àpò yín. Lórí 100 náírà tí wọ́n gbé jáde ní 1999, Awólọ́wọ̀ wà níwájú, àpáta Zuma wà lẹ́yìn. Ìlà wẹ́wẹ́ ni òjìji ibẹ̀: níbi tó ṣókùnkùn, ìlà sanra, ó sì há mọ́ra, níbi tó mọ́lẹ̀, ó tín-ín-rín. Ohun tí Macintosh ṣe ní 1984 nìyẹn, nígbà tí Susan Kare ya áíkọ̀nù 32 × 32 píksẹ́lì (ẹyọ àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà) fún un ní dúdú àti funfun nìkan: píksẹ́lì kan dúdú, èkejì funfun, ojú á rí eérú. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ kò sí oòrùn níbẹ̀. Ká fi Apple sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà NeXT, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹwàá 1988, ni ìmọ́lẹ̀ bá wọlé. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni ojú rẹ̀ ń gbé: dúdú, eérú tó ṣókùnkùn, eérú tó mọ́, àti funfun. Ìpele ògiri Zaria, tí wọ́n fi ọ̀kan kún! Àìtó àwọ̀ yẹn ló sọ wọ́n di ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí Windows 3.0 dé ní 1990 pẹ̀lú àwọ̀ 16, àti Windows 95 lẹ́yìn rẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fi eérú tó mọ́, 192 lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù), kún ojú bọ́tìnì. Ẹ fa ìlà funfun píksẹ́lì kan sí etí òkè àti etí òsì. Ẹ fa dúdú sí etí ìsàlẹ̀ àti etí ọ̀tún, kí ẹ wá fa eérú 128 sínú dúdú yẹn. Igun òkè lọ́tùn-ún àti igun ìsàlẹ̀ lósì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: dúdú ló ni igun méjèèjì. Bí funfun bá gbà á, ìmọ́lẹ̀ á gùn kọjá ibi tí bọ́tìnì parí sí. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, ẹ pààrọ̀ àyè àwọn ìlà náà, kí ẹ sún àwòrán inú rẹ̀ ní píksẹ́lì kan sí ọ̀tún àti kan sí ìsàlẹ̀.

Ti àwọ̀ gba pé ká dé Kano. Láti 1498 ni wọ́n ní àwọn kòtò aró Kofar Mata ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ń ri aṣọ bọ inú aró léraléra tó ni àwọ̀ rẹ̀ ń jinlẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni aró tiwa ṣe ń ti àyìnrín dé ẹtù. Àmọ́ òjìji ju kí a kàn mú àwọ̀ jinlẹ̀ lọ, Yusuf Grillo ló sì yẹ ká wò níbí. Ọmọ Èkó tó kàwé ní Zaria ni, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ ayàwòrán tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1958. Búlúù àti èsè àlùkò ló máa ń wọ ara àwọn ènìyàn inú àwòrán rẹ̀. Ìdí wà tí èyí fi bá ojú mu: ní ìta gbangba, oòrùn pọ́n díẹ̀, ojú ọ̀run tó jẹ́ búlúù ló sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí oòrùn ò dé.

Ẹ jẹ́ ká fi áíkọ̀nù tòmátì áàpù ọjà kan ṣe é. Nínú àpótí àwọ̀, H ni irú àwọ̀, S ni bó ṣe kún tó, B ni bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Àárín rẹ̀: H 8, S 85, B 80. Òjìji: H 345, S 90, B 45. Ibi tí oòrùn bà: H 25, S 60, B 95. Ẹ ò rí i pé H náà ń yí, tí dúdú ò sí níbẹ̀ rárá? Fún 16 × 16, mẹ́ta yìí tó. Fún 32 × 32, ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì sí àárín wọn. Dídán jẹ́ píksẹ́lì kan tàbí méjì, lápá òkè òsì, kó má sì kan etí.

Ẹni tó bá mú òjìji yí etí po, tó fi ìmọ́lẹ̀ sáàárín gangan, ìrọ̀rí ló yà, tòmátì kọ́. Ẹni tó bá ya nǹkan sórí ilẹ̀ funfun kó tó gé e jáde, etí á ní òrùka funfun nígbà tí ojú fóònù bá dúdú, torí píksẹ́lì etí ti pò mọ́ funfun. Orí ilẹ̀ tí kò ní àwọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì kàn sún àwòrán 512 kì di 16. Dídán á parẹ́, òjìji á dàpọ̀ mọ́ àárín. Ẹ tún un yà. Bí ìpele méjì bá sún mọ́ra jù, wọn á dọ́gba tí ènìyàn bá mú fóònù síta lọ́sàn-án Abuja.

Ìyókù ò pẹ́ sọ. Ní 2001, Mac OS X mú áíkọ̀nù 128 × 128 dé, Windows XP sì fi òjìji tó ṣeé rí ìdí rẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀. Windows 8 ní 2012 àti iOS 7 ní 2013 pa iná, gbogbo nǹkan wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní 2014, Material Design, ìlànà ìyàwòrán áàpù ti Google, dá òjìji padà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ tààrà ni tirẹ̀ ń bọ́ sí, nígbà tí ti XP ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún. Nítorí náà, bí ẹ bá gba áíkọ̀nù àtijọ́ àti tuntun sójú kan náà, ẹ wo òjìji wọn kí ẹ tó kó o fún oníbàárà. Bí kò bá bára mu, òjìji ti àtijọ́ ni kí ẹ nù, kí ẹ tún un ṣe, torí òun ló kéré iṣẹ́ jù.