Kí ni construction? Egungun tó wà lábẹ́ ojú akọni inú kọ́míìkì

Bí ọmọdé bá fẹ́ ya ojú Superman, akọni inú kọ́míìkì (ìwé ìtàn alàwòrán), ẹyinjú ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Á ya ọ̀kan, á tún un ṣe títí á fi dára, ó wá ku èkejì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń dé: èkejì á gòkè ju àkọ́kọ́ lọ, tàbí kó sún mọ́ etí jù. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn ìwé ìṣirò mi. Imú tí mo yà dára, ẹnu dára, àmọ́ bí ẹni pé orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá.

Ohun tí mi ò tíì mọ̀ nígbà náà ni ohun tí àwọn ayàwòrán ń pè ní construction. Egungun àwòrán ni mo máa ń pè é ní Yorùbá. Àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tí a kọ́kọ́ ń fi pẹ́ńsù fà ni, kí a tó ya ojú, imú tàbí ẹnu kankan, kí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan lè mọ ibi tó máa jókòó sí. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó fi rọ́bà pa wọ́n rẹ́. Ẹni tó ń ka ìwé náà kò ní rí wọn, àwọn ló sì gbé ojú náà dúró.

Ẹni tó ń ya àwòrán ọba tàbí ti ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ya ojú yẹn, ẹni náà sì jókòó síwájú rẹ̀. Ti kọ́míìkì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé kọ́míìkì Amẹ́ríkà kan sábà máa ń ní ojú ewé ìtàn 20 sí 22, àpótí àwòrán bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà sì lè wà lójú ewé kan. Akọni kan náà á fò, á ṣubú, á bojú wẹ̀yìn, á wo ilẹ̀ láti orí òrùlé. Kò sí ẹni tó lè bá ayàwòrán fò kó lè wo ojú rẹ̀. Síbẹ̀ òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ̀ ní gbogbo ìgbà pé ẹni àná náà nìyí. Ìdí tí a fi nílò egungun nìyẹn.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kọ́míìkì ń gbà ṣe é, ọ̀dọ̀ Andrew Loomis ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní 1892, ó kú ní 1959, ó sì kọ́ni ní American Academy of Art ní Chicago. Bọ́ọ̀lù ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya róbótó kan sórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ rí i lọ́kàn yín bíi bọ́ọ̀lù gidi tó ní iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Agbárí nìyẹn. Orí èèyàn kì í yọ bọ̀ǹbọ̀ níbi ẹ̀bátí, ńṣe ló tẹ́ díẹ̀. Nítorí náà ẹ gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bọ́ọ̀lù náà dànù, bí alọ́sàn ṣe máa ń bẹ́ orí ọsàn kí a tó fà á mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà kan yí bọ́ọ̀lù náà ká ní àárín: ibẹ̀ ni irun òkè ojú máa wà. Ẹ fa òmíràn láti òkè wá sísàlẹ̀, kó pín ojú sí ọ̀tún àti òsì. Ìlà méjèèjì yìí ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí pé ara bọ́ọ̀lù ni wọ́n wà. Bí bọ́ọ̀lù bá yí, wọ́n á bá a yí. Bí akọni bá gbójú sókè, ìlà irun ojú á tẹ̀ sókè bí òṣùmàrè. Bó bá tẹrí ba, á tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìsàlẹ̀ igbá. Ẹni tó bá lè fa ìlà méjì yìí dáadáa ti mọ ibi tí ojú náà kọ sí, kó tó ya ẹyinjú kankan.

Ìwọ̀n tó kù kò le. Láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ dé irun òkè ojú, láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ imú, láti ìsàlẹ̀ imú dé àgbọ̀n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Etí bọ́ sáàárín ìlà irun ojú àti ìlà ìsàlẹ̀ imú. Ẹyinjú wà ní ìdajì orí, láti òkè agbárí dé àgbọ̀n, èyí sì máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, torí gbogbo wa la máa ń gbé ojú sókè jù. Ẹ fi rúlà wọn fọ́tò ara yín, ẹ ó rí i.

Títí dé ibí yìí, orí ẹnikẹ́ni ni. Párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa sọ ọ́ di ti akọni: kó fẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ etí bí ògiri, kí àgbọ̀n sì tẹ́ nísàlẹ̀. Ọrùn á nípọn. Irun òkè ojú á sún mọ́ ẹyinjú, òjìji dúdú á wà láàárín wọn. Ẹ má fa ìlà púpọ̀ sójú rẹ̀, nítorí ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá wọ ojú ń fi ọdún kún un.

Ìtàn kan wà tó fi hàn bí ọ̀rọ̀ egungun yìí ṣe ṣe pàtàkì tó. Ní 1970, Jack Kirby, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ọ̀pọ̀ akọni ilé iṣẹ́ Marvel sílẹ̀, lọ sí DC, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì tó ni Superman, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìwé ìtàn Jimmy Olsen, ọ̀rẹ́ Superman. Àwọn olóòtú rí i pé ojú Superman tó ń yà kò jọ èyí tí àwọn òǹkàwé mọ̀. Wọ́n ní kí Al Plastino tún orí náà yà, lẹ́yìn náà Murphy Anderson. Ara jẹ́ ti Kirby, orí jẹ́ ti ẹlòmíràn. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ó ṣì ń dùn mí. Egungun ti Kirby yàtọ̀, ó gbòòrò, ìlà rẹ̀ ní agbára, ẹ̀ẹ̀kan náà ni orí àti ara sì máa ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá gbé orí mìíràn lé e, ojú á rí ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀.

Àwọn kan rò pé akọni tó bo ojú rọrùn láti yà. Ẹ wo Spider-Man, tí Steve Ditko yà ní 1962: kò sí imú, kò sí ẹnu. Okùn aláǹtakùn tó wà lójú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú méjèèjì, ó sì tàn yí orí ká. Egungun àwòrán gan-an ni okùn yẹn, èyí tí wọn kò pa rẹ́. Bí bọ́ọ̀lù abẹ́ rẹ̀ kò bá dára, okùn náà á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwọ̀n tí wọ́n sá sílẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ ya akọni tó jọ wa, àwọn ojú tí Loomis yà kò ní tó, torí ojú òyìnbó ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwọ̀n òròó rẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ibú imú àti ètè á yí padà. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ ni mo máa ń gbé síwájú. Ní oṣù kìíní 1938 ni wọ́n hú púpọ̀ nínú wọn jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, nílé Ifẹ̀, ọdún kan náà tí Superman kọ́kọ́ jáde nínú ìwé. Ẹ wá fọ́tò ọ̀kan tó ní ìlà wẹ́wẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìlà kan ṣoṣo: ó gun egungun òkè ojú, ó wọ kòtò abẹ́ rẹ̀, ó yọ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ bá ètè. Ẹ fi pẹ́ńsù ya ìlà yẹn nìkan, láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ìsàlẹ̀, kí ẹ tó fi ẹyinjú kankan sí i.