Epoch: ìdí tí fóònù tó ti kú fi máa ń jí sí ọdún 1970

Lọ́sẹ̀ tó kọjá màmá kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Kábbà, láti Ìyàrá ló ti wá, ó kí wa "Òkun o", ó sì rọra gbé fóònù ẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tára ẹ̀ ò yá. Iná ò sí ládùúgbò wọn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, bátìrì fóònù náà kú pátápátá, ìgbà tó wá rí ibi tó ti ṣáájì ẹ̀ tó sì tàn án, WhatsApp ò ṣí mọ́, ó ń sọ pé déètì fóònù ò tọ̀nà, ibi tí wọ́n ti ń lo Google náà kọ̀, ó ní ọ̀nà tó fẹ́ gbà ò láàbò. Ẹnì kan ti wá sọ fún un pé sọ́fíwíà ẹ̀ ló bàjẹ́, kó mú 5,000 náírà wá kí wọ́n fláṣì ẹ̀, gbogbo fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ á sì lọ. Inú bí mi gan-an. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Mo wo òkè ojú fóònù, mo rí 1 Jánúárì 1970, aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀. Mo bi màmá pé ìgbà wo ni wọ́n tàn án, wọ́n ní ó ti tó wákàtí méjì. Ẹ fi wákàtí méjì yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Mo fi déètì náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "1970? Ogun ò tíì parí nígbà yẹn o." Òótọ́ ni, 15 Jánúárì 1970 ni ogun Bìáfírà parí, ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Kogí gan-an ò tíì sí, 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀, abẹ́ Kwara la wà, pọ́nùn àti ṣílè là ń ná, náírà ò dé títí di 1973. Màmá ní ìyá àwọn ò kọ ọjọ́ ìbí àwọn sílẹ̀, ohun tó sọ fún àwọn ni pé nígbà tí ogun parí, àwọn ò tíì lè dá jókòó.

Ohun tí ìyá yẹn ṣe ni epoch, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú ohun kan tí gbogbo èèyàn mọ̀, ẹ wá máa ka ọjọ́ látibẹ̀. Ìdílé wo ni wọn ò ti ṣe é rí? Lágbájá ti ń rìn nígbà tí wọ́n fi ọba jẹ, wọ́n bí tàmẹ̀dò lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n kọ́ ilé-ìwé. Kọ̀ǹpútà náà ní ti ẹ̀, 1 Jánúárì 1970, ibẹ̀ ni òdo. Kò mọ ọjọ́ Ajé, kò mọ oṣù, sẹ́kọ́ńdì nìkan ló ń kà. Ọjọ́ kan jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 86,400, tó bá ka dé 86,400 ó di 2 Jánúárì 1970 nìyẹn, nígbà tó ka bílíọ̀nù kan pé, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà 2001 la wà. Sọ́fíwíà ló ń bá wa tú iye gbọọrọ yẹn sí ọjọ́ àti aago.

Aago méjìlá òru ti Greenwich nílùú Ọba ni òdo yẹn bọ́ sí, aago kan òru sì ni lọ́dọ̀ wa. Wákàtí méjì tí màmá sọ dà? Aago kan, ẹ fi méjì kún un, aago mẹ́ta. Fóònù yẹn ò yawèrè rárá, ó ń kà á dáadáa, kò kàn mọ ìgbà tóun sùn dé ni.

Nínú fóònù, aago kékeré kan wà tó máa ń ka àkókò nìṣó kódà tẹ́ ẹ bá pa fóònù, iná díẹ̀ ló ń jẹ, ṣùgbọ́n tí bátìrì bá gbẹ tán kò ní nǹkan tó máa jẹ mọ́, iye tó ti kà á sì lọ. Tó bá jí, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ti àwọn fóònù míì kì í ṣe 1970, ọdún tí wọ́n ṣe sọ́fíwíà wọn ni wọ́n máa ń padà sí. Nẹ́tíwọ̀kì ló yẹ kó sọ aago tòótọ́ fún un, àmọ́ ẹnì kan ti pa ibẹ̀ lórí fóònù màmá.

Kí ló dé tí WhatsApp fi wá kọ̀? Gbogbo wẹ́bsáìtì gidi ló ní sátífíkéètì tó fi ń jẹ́rìí ara ẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí sì wà lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan mú rìsíìtì tí wọ́n kọ déètì ọdún 2080 sí wá bá yín lónìí, ṣé ẹ máa gbà á? Ojú tí fóònù fi ń wo ayé nìyẹn tó bá gbà pé 1970 la wà.

Àwọn ńláńlá náà ti kó sí i. Ní 31 Dìsẹ́ńbà 2015, Facebook ń kí àwọn èèyàn kú oríire pé wọ́n ti bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ lórí Facebook fún ọdún 46, Facebook tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004! Ẹ yọ 46 kúrò nínú 2015, 1969 lẹ máa rí. Òdo wọn náà ni, torí nígbà tó jẹ́ aago kan òru ọjọ́ kìíní ọdún lọ́dọ̀ wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ 31 Dìsẹ́ńbà 1969 ni wọ́n ṣì wà ní California. Ní Fẹ́búárì 2016 wọ́n tún rí i pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín yí déètì iPhone padà sí 1 Jánúárì 1970, tẹ́ ẹ pa á, tẹ́ ẹ tún tàn án, kò ní jí mọ́, kí Apple tó tún un ṣe.

1970 yẹn ò ní àdììtú kankan. Ilé-iṣẹ́ Bell Labs l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe Unix, sọ́fíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni àwọn fóònù wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe òdo, wọ́n sì pín sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà ọgọ́ta, ẹyọ ẹyọ ìdá yẹn ni wọ́n ń kà, ìyẹn ò ní ju bí ọdún méjì àbọ̀ lọ kí àyè tó tán, ni wọ́n bá ní kí wọ́n kúkú máa ka odindi sẹ́kọ́ńdì, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti 1970. Ti àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ náà ṣì máa kún, 2,147,483,647 ni ìparí ẹ̀, yóò sì pé ní 19 Jánúárì 2038, aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lọ́dọ̀ wa, èyí tí wọn ò bá tún ṣe, iye ẹ̀ máa já sísàlẹ̀ òdo, á sì fò padà sí 1901. Àwọn fóònù tuntun ò sí nínú ẹ̀, àyè tiwọn pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Nítorí náà tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ lọ sí sẹ́tíńgì, ẹ wá ibi déètì àti aago, ẹ tan èyí tó máa ń mú un fúnra ẹ̀, tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá gbé e wá ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti pa á ló ń gbàgbé, bátìrì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n wò.

Mo ti fẹ́ ṣe ti màmá nígbà tí wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí n dúró ná, kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò ojú fóònù yẹn fún àwọn. Wọ́n ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà yẹn, ibẹ̀ náà ni ìyá àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi fóònù tèmi yà á, mo wá tan déètì, kò tó ìṣẹ́jú kan tí mẹ́séèjì ọ̀sẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, mo sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp.