Ọ̀lẹ èèyàn ló kọ́kọ́ jẹ́ slug, kí orúkọ náà tó kan ẹranko

Lẹ́yìn òjò kan lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní pírámárì fáìfù jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Wọ́n ní kó sọ ìtumọ̀ "sluggish". Ọ̀kan nínú àwọn ìgbín tí kò níkarahun yẹn, tí Òyìnbó ń pè ní slug, ń fà lọ lára ògiri níwájú rẹ̀, itọ́ rẹ̀ ń dán lẹ́yìn rẹ̀ bí ọ̀rá tí oòrùn tàn sí. Mo nawọ́ sí i, mo ní, "Ṣó o rí nǹkan yẹn? Torí bó ṣe ń rìn ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀lẹ ní sluggish." Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Inú mi dùn sí ara mi. Irọ́ ni mo pa fọ́mọ ọlọ́mọ.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé Òyìnbó wo ẹranko tó ń falẹ̀, wọ́n wá mú orúkọ rẹ̀ bú èèyàn. Òdìkejì ni. Èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ bú, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni èébú náà tó bá ẹranko.

Láti ìparí àwọn ọdún 1300 ni "sluggard", ìyẹn ọ̀lẹ, ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìrù "ard" yẹn náà ló wà lẹ́yìn drunkard àti coward. Tí wọ́n bá so ó mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ má retí ìyìn. "Slug" fúnra rẹ̀, èèyàn tó ya ọ̀lẹ ló ń jẹ́ nígbà náà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700 ni wọ́n tó fi ń pe ẹranko orí ògiri yẹn. Ẹ ṣí Bíbélì King James ti ọdún 1611, Òwe 6:6: "Go to the ant, thou sluggard." Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé yẹn, ó ṣì ku nǹkan bí 90 ọdún kí slug tó di orúkọ ẹranko. Nínú Bíbélì Yorùbá tiwa, "ìwọ ọ̀lẹ" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì parí.

Ọ̀nà kan náà ni "slouch" gbà. Tíṣà wa kan nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì máa ń fi rúlà gún wa lẹ́yìn: "Don't slouch!" Mo rò pé bí ẹ̀yìn ṣe tẹ̀ ni wọ́n fi dá ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, èèyàn ni slouch: ọ̀lẹ, ọ̀dọ̀yọ̀ tí kò wúlò fún iṣẹ́ kankan. Èjìká tó sọ̀ kalẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé lẹ́yìn náà ni. Ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ nípa ẹni tó mọṣẹ́ pé "he's no slouch". Kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn onítọ̀hún.

Èyí tó dùn mí jù ni ti sloth. Inú "slow" ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, bí warmth ṣe jáde nínú warm. Ìfàlẹ̀ lásán ni. Ìjọ ló wá fi ṣe orúkọ ọ̀kan nínú ẹ̀ṣẹ̀ méje tó burú jù. Ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an, ní ìpìlẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tí kò fẹ́ roko. Evagrius, tó jẹ́ mọ́ńkì (monk, ẹni tó yara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run) ní aginjù Íjíbítì ní àwọn ọdún 300, kọ̀wé nípa ẹ̀mí èṣù kan tó máa ń dé lọ́sàn-án gangan, tí yóò mú kí oòrùn dà bíi pé kò kúrò lójú kan mọ́, tí mọ́ńkì á sì máa yọjú lójú fèrèsé. Ọkàn ló sú onítọ̀hún. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí mọ aago méjì ọ̀sán yẹn dáadáa.

Nígbà tí àwọn Potogí rí ẹranko kan tó ń fà díẹ̀díẹ̀ lórí igi ní Bràsíìlì, wọ́n pè é ní preguiça, ìyẹn ìmẹ́lẹ́. Ní àwọn ọdún 1600, Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn sí sloth. Títí dòní, bicho-preguiça ni wọ́n ń pè é ní Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní Bràsíìlì. "Ẹranko ọ̀lẹ" náà làwọn ará Jámánì ń pè é. Àwọn Sípéènì tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́: Oviedo, òǹkọ̀wé wọn kan, kọ ọ́ ní 1526 pé wọ́n ń pè é ní perico ligero, Pétérù eléré ẹsẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá pe òmìrán ní Kékeré.

Ewé lẹranko yìí ń jẹ jù, agbára tó wà nínú ewé ò sì tó nǹkan. Oúnjẹ kan lè lo tó oṣù kan nínú rẹ̀ kó tó dà. Bíi ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá yàgbẹ́. Ẹyẹ idì ńlá tó ń pa á jẹ, ohun tó bá ń mira ló ń wá, nítorí náà jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló ń gbà á là. Oorun ńkọ́? Àwọn tó so ẹ̀rọ mọ́ orí rẹ̀ nínú igbó Panama, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2008, rí i pé kò sùn tó wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Àwọn tí wọ́n há mọ́ àgọ́ ló ń sùn tó mẹ́rìndínlógún. Ọmọ tó wà ní họ́lídè lè ju ti inú igbó lọ.

Àwa náà máa ń sọ pé ẹnì kan ń fà bí ìgbín. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí Yorùbá pe ìgbín ní ọ̀lẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń gun igi, omi rẹ̀ sì ni omi ẹ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn olórìṣà Ọbàtálá. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn falẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó ya ọ̀lẹ.

Mo padà lọ bá ọmọ náà, mo ní kó pa ohun tó kọ rẹ́. Ó ní, "Kí wá ni wọ́n ń pe nǹkan orí ògiri yẹn tẹ́lẹ̀?" Mo ní snail náà ni, àtèyí tó níkarahun àtèyí tí kò ní. Ó kọ ọ́ tuntun: ohun tí kò yá, tí ara rẹ̀ ò jí pépé. Nígbà tí ìwé padà dé, tíṣà ti mú un ní góòdù, ó sì fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Like a slug."